Lẹ́tà àtúnyẹ̀wò PIP: ibi tí "a dúpẹ́" ti ń gba owó lọ́wọ́ aláìsàn

Bí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù búráùn bá já bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Peckham tàbí Woolwich ní London láàárọ̀, kílẹ̀ tó ṣú, fóònù á ti dún ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ṣágámù. "Wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ mí wò o. Wọ́n lè gba owó náà." Ẹni tó wà nílé lè máà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìbẹ̀rù nínú ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àdúrà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Àdúrà dára, àmọ́ ọjọ́ ti ń lọ lórí lẹ́tà yẹn: oṣù kan péré ni wọ́n fún un láti dá fọ́ọ̀mù padà.

Owó tí ọ̀rọ̀ kàn ni PIP (Personal Independence Payment), tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san fún ẹni tí àìsàn tàbí ìpèníjà ara kò jẹ́ kó lè ṣe ohun tí ẹlòmíì ń ṣe láìronú. Oṣù kẹrin ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 16 tí kò tíì tó ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì ló lè bèèrè rẹ̀. Wọn kì í wo bóyá èèyàn ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í bèèrè iye tó ní ní báńkì. (Ní Scotland, Adult Disability Payment ló rọ́pò rẹ̀, ètò ibẹ̀ sì yàtọ̀. England àti Wales là ń sọ níbí.)

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí: owó ìgbé ayé ojoojúmọ́ àti owó ìrìn. Lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, kékeré ti ojoojúmọ́ jẹ́ £73.90 lọ́sẹ̀, ńlá rẹ̀ sì jẹ́ £110.40. Kékeré ti ìrìn jẹ́ £29.20, ńlá rẹ̀ £77.05. Máàkì ló ń pín wọn. Lọ́nà kọ̀ọ̀kan, máàkì 8 ló ń fúnni ní kékeré, 12 ló ń fúnni ní ńlá. Ẹni tó bá ní 7 kò gba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń wo ti ojoojúmọ́: sísè oúnjẹ, jíjẹ àti mímu, lílo oògùn, wíwẹ̀, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wíwọṣọ, sísọ̀rọ̀ àti gbígbọ́ ọ̀rọ̀, kíkàwé, bíbá èèyàn ṣe, àti ṣíṣètò owó. Ti ìrìn jẹ́ méjì: mímọ ọ̀nà dé ibi tí à ń lọ, àti fífi ẹsẹ̀ rìn.

Bí PIP bá lọ, kì í dá lọ. Àbúrò tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀, tó ń gba Carer's Allowance, £83.30 lọ́sẹ̀ lọ́dún 2025 yẹn, yóò pàdánù tirẹ̀ bí owó ojoojúmọ́ ẹ̀gbọ́n bá dúró. Mọ́tò tí wọ́n yá lọ́dọ̀ ètò Motability, tí owó ìrìn ńlá ń san, yóò padà sọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Blue Badge tí wọ́n fi ń páàkì lè bọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi máa ń ba gbogbo ilé, tí kì í ṣe aláìsàn nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025

Ẹ̀rù náà tún ní orísun mìíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé àbá kan jáde tí wọ́n pè ní Pathways to Work. Wọ́n ní láti oṣù kọkànlá ọdún 2026, ẹni tó bá fẹ́ gba owó ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní máàkì 4, ó kéré tán, nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá yẹn. Ẹni tó ń ṣa máàkì méjì-méjì jọ láti ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí ẹni tí làkúrègbé mú lọ́wọ́, ì bá pàdánù gbogbo rẹ̀. Àwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tó ń ṣèjọba gan-an ló kọ̀ jálẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù keje, bí àríyànjiyàn ṣe ń lọ lọ́wọ́ nílé ìgbìmọ̀, ìjọba yọ abala náà kúrò. Kò di òfin. Ìdajì àkọ́kọ́ ìròyìn yìí ló rin WhatsApp dé Ìjẹ̀bú, ìdajì kejì kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀pọ̀ ló sì ṣì ń sùn pẹ̀lú ẹ̀rù ohun tí kò sí.

Èyí tó di òfin ni pé owó àìsàn inú Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó) dín kù sí nǹkan bí £50 lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2026. Kò kan ẹni tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe PIP. Ti PIP, wọ́n gbé àyẹ̀wò rẹ̀ lé mínísítà Stephen Timms lọ́wọ́ pé kó jábọ̀ nígbà ìwọ́wé ọdún 2026. Títí òfin mìíràn yóò fi dé, máàkì àtijọ́ ni wọ́n ń lò.

Fọ́ọ̀mù náà

AR1 ni wọ́n ń pe fọ́ọ̀mù àtúnyẹ̀wò. Ó máa ń dé kí owó tó parí, nígbà mìíràn bí ọdún kan ṣáájú. Owó kì í sábà dúró nígbà tí àtúnyẹ̀wò ń lọ. Ohun tó ń dá a dúró ni kí èèyàn má dá fọ́ọ̀mù padà. Bí oṣù kan kò bá tó, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà kí ọjọ́ náà tó kọjá, ẹ ní kí wọ́n fi ọjọ́ kún un. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń fi kún un. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pè àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yìí yóò bi yín lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti le sí i, ó ti dẹ̀, tàbí kò yí padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á máàkì pé kò yí padà, wọ́n á sì fi àyè àlàyé sílẹ̀ lófìfo, pé ṣebí ìjọba ti mọ̀. Ẹni tí yóò yẹ̀ yín wò lọ́tẹ̀ yìí lè máà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò gbọ́ nípa yín rí. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù àtijọ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àlàyé méjèèjì má baà tako ara wọn láìnídìí.

Àṣìṣe tó tóbi jù ni kí èèyàn kọ orúkọ àìsàn síbi tí wọ́n ti ń bèèrè iṣẹ́. Àìsàn kò ní máàkì. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ló ní in. Ẹ jẹ́ ká mú sísè oúnjẹ. Ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú lè kọ pé: "Mo ní làkúrègbé, mi ò lè gúnyán mọ́, mi ò sì lè rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́." Òótọ́ ni, ó sì dunni, àmọ́ òdo ni. Oúnjẹ tí òfin ní lọ́kàn ni oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnì kan, tí a fi èlò tútù sè lórí sítóòfù: bíbó, gígé, síse. Kò sí odó níbẹ̀, kò sí ìrin. Bí ìyá kan náà bá kọ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ yí padà: "Ìka mi kò lè di ọ̀bẹ mú. Ọjọ́ márùn-ún nínú méje, ọmọbìnrin mi ló ń bó ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì, òun náà ló ń gé ẹran. Nígbà tí mo gbìyànjú rẹ̀ gbẹ̀yìn ní oṣù kejì, ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gé àtàǹpàkò mi." Ẹni tí ẹlòmíì gbọ́dọ̀ bá dá sí i kó tó lè sè ń gba máàkì 4. Ẹni tó lè dá a ṣe pẹ̀lú ohun èlò àkànṣe, bí ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ tóbi tàbí àpótí gíga tí wọ́n ń jókòó lé sè, ń gba 2.

Ti ìrìn náà rí bẹ́ẹ̀. "Mi ò lè rìn jìnnà" kò sọ nǹkan kan. Mítà ni wọ́n ń kà. Ẹni tí kò lè rìn ju mítà 20 lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn bọ́ọ̀sì London méjì tí a tò tẹ̀léra, gba 12. Ẹni tó lè kọjá 20 àmọ́ tí kò lè kọjá 50 gba 8, tàbí 10 bó bá jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn. Láàárín 50 sí 200, máàkì 4 ni. Ẹ bọ́ síta pẹ̀lú ẹni tó máa ka ìṣísẹ̀, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ̀, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi sinmi kí ẹ tó lè tún gbéra.

Òfin PIP ní ààbò kan tí a kì í lò tó. Wọn kò gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ lè ṣe iṣẹ́ kan àfi bí ẹ bá lè ṣe é láìfara pa, kó dáa tó bó ṣe yẹ, kí ẹ lè tún un ṣe nígbà tó bá yẹ kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì má lò ju ìlọ́po méjì àkókò tí ara líle ń lò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó lè dá wẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ sùn wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kò lè tún un ṣe. Ẹni tó lè wọ ṣòkòtò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40 ti kọjá ìlọ́po méjì tipẹ́. Ẹ kọ ìṣẹ́jú náà.

Ó tún gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó ju ìdajì ọdún lọ. Àwọn tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra ni èyí máa ń pa lára. Wọ́n á kọ ìtàn ìrora ńlá, ọ̀sẹ̀ kan ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ 35, kò sì tó ìdajì ọdún. Ohun tí wọn kì í kọ ni àwọn ọjọ́ tó kù: àárẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n gòkè àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì, egungun ìbàdí tó ti ń jẹrà, òtútù tó ń dá ìrora sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta tí ara fi ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ fi oṣù kan kọ ohun tí ẹ kò lè ṣe lójoojúmọ́, ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Bí ọjọ́ kan bá dáa, ẹ kọ pé ó dáa. Irọ́ kékeré kan tí wọ́n bá rí yóò ba òótọ́ mẹ́wàá jẹ́, wọ́n sì lè gbé onírọ́ lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ojú ìwé kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìfilẹ́tàránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni.

"Báwo ni o?" "A dúpẹ́."

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́jọ́ àyẹ̀wò máa ń jọ ìkíni. Ẹ̀kọ́ ilé wa sì ni pé a kì í fi àìsàn dáhùn ìkíni. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún, tí kò sùn lóru, yóò ní "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ara le." Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní ara òun le. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á bi í bóyá ó ń dá wọṣọ, á ní "Mo ń gbìyànjú." Wọ́n á kọ ọ́ pé ó lè ṣe é. Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ máàkì ti lọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ dúpẹ́, ó tọ́ kí a dúpẹ́, àmọ́ kí ẹ fi "ṣùgbọ́n" tẹ̀lé e: "A dúpẹ́ pé a jí, ṣùgbọ́n ọmọ mi ló wọ sọ́kì fún mi láàárọ̀ yìí."

Àyẹ̀wò náà lè jẹ́ lórí fóònù, lórí fídíò, lójúkojú, tàbí kí wọ́n fi ìwé nìkan parí rẹ̀. Ẹ lè mú ẹnì kan dání. Ẹ lè ní kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀, àmọ́ ẹ bèèrè rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, a sì gba gbogbo òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ dípò kí wọ́n lo ọmọ wọn. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í lè sọ níwájú àlejò pé bàbá òun máa ń tọ̀ sára. Á ní "nígbà mìíràn, ó máa ń pẹ́ kó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀," a ó sì pàdánù òótọ́ ibẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tó dà bí eré kì í ṣe eré. "Báwo lẹ ṣe dé ibí?" ń wo ìrìn. "Ètò tẹlifíṣọ̀n wo lẹ ń wò lálẹ́?" ń wo bóyá ẹ lè jókòó, kí ẹ sì pọkàn pọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ dáhùn tán pátápátá: ta ló wakọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dúró lọ́nà, ta ló di yín lọ́wọ́ mú. Bí ẹ kò bá lọ, tí ẹ kò sì ní ìdí gidi, wọ́n lè gba owó náà nítorí ìyẹn nìkan.

Wíwá sílé, àti Ojúde Ọba

Ẹni tó ń gba PIP lè wá sílé. Ìbẹ̀rù pé ìrìn àjò Nàìjíríà á gba owó náà lọ́wọ́ èèyàn ti mú kí àwọn kan má lè sin òbí wọn, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 13 ni òfin fàyè gbà, tàbí ọ̀sẹ̀ 26 bó bá jẹ́ nítorí ìtọ́jú ìṣègùn ni. Bí ẹ bá máa lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Universal Credit ló le jù: oṣù kan péré, àyàfi bí ìbátan tímọ́tímọ́ bá kú tí kò sì ṣeé ṣe láti tètè padà, wọ́n lè fi oṣù kan kún un. Ìnáwó òkú wa kì í tètè parí, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà ni fídíò. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, arákùnrin kan dúró pẹ̀lú régbérégbé rẹ̀ ní Ojúde Ọba, ó fi ọwọ́ kan ejìká àbúrò rẹ̀, ó jó fún ìṣẹ́jú méjì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti dé Facebook kó tó délé. Òṣìṣẹ́ tó ń wá oníjìbìtì lè wo ohun tí gbogbo ayé ń wò. Àmọ́ ìṣẹ́jú méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, òfin tí a sọ lókè ló ń gbà á: ṣé ó lè tún un ṣe? Kí ló dé lọ́jọ́ kejì? Bó bá ti kọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé òun lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí òun á sì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, fídíò náà bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Bó bá kọ pé òun kò lè dìde rárá, wàhálà dé.

Kí á tún sọ èyí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ: ẹni tí físà rẹ̀ ní "no recourse to public funds", pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, kò gbọ́dọ̀ bèèrè PIP. Ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́.

Bí wọ́n bá gé e

Lẹ́tà ìpinnu á kọ máàkì tí wọ́n fún yín síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pè wọ́n pé kí wọ́n fi ẹ̀dà ìròyìn àyẹ̀wò ránṣẹ́. Láàárín oṣù kan sí ọjọ́ orí lẹ́tà, ẹ ní kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní mandatory reconsideration. Ẹ má fi ìbínú kọ ọ́. Ẹ mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ máàkì tó tọ́ sí yín, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí àyípadà níbẹ̀, wọ́n á sì rò pé ó ti parí. Kò parí. Oṣù kan mìíràn wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní tribunal. Kò gba owó. Adájọ́ kan, dókítà kan àti ẹnì kan tó mọ̀ nípa ìpèníjà ara ló ń jókòó, wọn kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn tó gé owó náà. Láti ọdún mélòó kan, ó ju ìdajì lọ nínú àwọn ẹjọ́ PIP tí wọ́n dá níbẹ̀ tí aláìsàn ń jàre. Ẹni tó bá lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ló sábà máa ń rọ́wọ́ mú ju ẹni tó ní kí wọ́n fi ìwé nìkan dá a. Ewu kan wà: bí wọ́n bá fi díẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ìgbìmọ̀ náà lè gba díẹ̀ yẹn pẹ̀lú. Ẹ lọ bá Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ àdúgbò kọ́kọ́. Ẹ má sanwó fún ẹni tó ní òun mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ.

Ará ilé ní Ìjẹ̀bú náà ní iṣẹ́ tó lè ṣe. Káàdì ọsibítù OOUTH Ṣágámù láti ìgbà tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú èèyàn ní kékeré ń fi ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ hàn, ẹ wá a jáde. Lẹ́tà ẹni tó gba aláìsàn náà lálejò wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe lẹ́tà pé èèyàn rere ni, tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tí ojú rí ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́, ìfọwọ́sí àti nọ́ńbà fóònù: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi lò lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. A gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀ sí pálọ̀ nítorí kò lè gun àtẹ̀gùn. Ìyàwó mi ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, àfi ọjọ́ mẹ́rin. Láti pálọ̀ dé gééètì, ìṣísẹ̀ 25, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dúró."